Ìjọba Sékúlà, Owó Ekùrọ́ àti Orúkọ Ọmọ Wa



Ó pẹ́ tí a ti fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn àgbà kan gbà wá nímọ̀ràn pé kí a fi í sílẹ̀, nítorí pé ilé ẹni ni a ti í jẹ èkúté onídodo. A gba ìmọ̀ràn náà fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n èkúté náà ti tóbi jù, òórùn rẹ̀ sì ti jáde sí ìta.

Ní ìpàdé wa ní Ìbẹ̀fún, bí ẹnikẹ́ni bá ti dìde pé kí ẹgbẹ́ fi owó ra àga àti tábìlì fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, tàbí kí a ran ọmọbìnrin kan lọ́wọ́ kí ó lè parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀, ẹnì kan yóò dáhùn láti ẹ̀yìn pé iṣẹ́ ìjọba nìyẹn. Ìjọba náà sì rèé, ìjọba sékúlà ni, ìjọba kèfèrí ni. Kí a fi owó ẹ̀sìn ṣe ti ẹ̀sìn. Àwọn ènìyàn yóò kígbe "Allāhu Akbar", ọ̀rọ̀ yóò sì parí síbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹni tí ó sọ̀rọ̀ náà yóò gbé ọmọ tirẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, ó di ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tí pásítọ̀ kan dá sílẹ̀, yóò sì san owó rẹ̀ láìjanpata. A kò bú ẹnikẹ́ni. Ohun tí ojú wa rí ni a ń wí.

Ìyẹn ni apá kan. Apá kejì ni àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti ka ìwé dé yunifásítì, tí wọ́n ti jókòó sí Èkó fún ọdún díẹ̀, tí wọ́n wá ń bọ̀ wá sílé nígbà Iléyá láti sọ fún wa pé ẹ̀sìn ni ó dá wa dúró. Wọ́n ní ayé ti lajú, ilé kéú kò wúlò mọ́, kí a pa wàláà tì kí a lè bá àwọn ẹlòmíràn dọ́gba. Lójú tiwọn, ẹni tí ó bá ti ń kírun márùn-ún lóòjọ́ kò lè mọ bí a ti ń ṣe ẹ̀rọ. Àwọn méjèèjì yìí rò pé ọ̀tá ni wọ́n. Àwa sọ pé ẹnu kan náà ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, nítorí pé àwọn méjèèjì gbà pé ìlọsíwájú kì í ṣe ti Mùsùlùmí. Ọ̀kan ń sọ ọ́ tìgbéraga-tìgbéraga, èkejì ń sọ ọ́ tìtìjú-tìtìjú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa: kí ni ìjọba sékúlà tí a ń sọ yìí? Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960, ó sì di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò sí lábẹ́ ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù October, 1963, tí Dókítà Nnamdi Azikiwe di ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Nínú ìwé òfin 1979, abala 10 sọ pé ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ mú ẹ̀sìn kan ṣe ẹ̀sìn ìjọba. Ìwé òfin 1999 tún un sọ ní abala 10 kan náà. Ẹ wá ọ̀rọ̀ "sékúlà" nínú abala yẹn, ẹ kò ní rí i. Òfin kò sọ pé ìjọba kórìíra ẹ̀sìn. Ohun tí ó sọ ni pé ìjọba kì í ṣe ọmọ ìyá ẹnì kan kí ó wá jẹ́ ọmọ bàbá ẹlòmíràn. Abala 38 sì fi kún un pé ẹnikẹ́ni tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́, a kò gbọdọ̀ fi tipátipá kọ́ ọ ní ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú ìwé òfin 1960 àti ti 1963 pẹ̀lú. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé a ó padà sí i.

Àwọn tí ń bẹ̀rù a máa fi Tọ́kì dẹ́rù bà wá. Wọ́n ní ṣé a kò gbọ́ ohun tí Mustafa Kemal, tí wọ́n pè ní Atatürk, ṣe ni? A gbọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù October, 1923, ó sọ Tọ́kì di orílẹ̀-èdè olómìnira. Ní 1924 wọ́n fòpin sí ipò kàlífà. Ní 1925 wọ́n fi òfin bọ́ fìlà pupa kúrò lórí àwọn ọkùnrin, wọ́n sì ní kí wọ́n dé àkẹtẹ̀ òyìnbó. Ní 1928 wọ́n pa lẹ́tà Lárúbáwá tì, wọ́n mú ti òyìnbó. Láti 1932 ni wọ́n ti ní kí ládàánì máa fi èdè Tọ́kì pe ìrun, kò sì yí padà títí di 1950. Gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ojú irin, ilé iṣẹ́ aṣọ àti ti ṣúgà, àti ẹ̀tọ́ ìdìbò tí wọ́n fún àwọn obìnrin ní 1934. Ìwọ̀nyí ni ọ̀làjú tí a fi pàṣán lé wọlé. Èyí tí ó dára wà níbẹ̀, èyí tí ó burú náà wà níbẹ̀, inú àwo kan náà ni wọ́n sì bù ú sí.

Ṣùgbọ́n Tọ́kì kọ́ ni Ìjẹ̀bú. Ìjọba Nàìjíríà wo ni ó bọ́ fìlà lórí Lèmọ́ọ̀mù? Ta ni ó ní kí a má fi èdè Lárúbáwá pèrun? Ní Sẹ̀nẹ̀gà tí àwọn Mùsùlùmí ti pọ̀ ju ẹlẹ́sìn yòókù lọ fíìfíì, Léopold Senghor tí ó jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà ni ó jẹ ààrẹ láti 1960 títí di ìparí 1980, àwọn àgbà àlùfáà ibẹ̀ sì bá a ṣe, nítorí pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ ìjọba. Ohun tí ó ṣe wá níhìn-ín yàtọ̀. Wọn kò fi òfin ṣe é. Rẹ́jísítà ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ṣe é.

Ìtàn náà gùn, a ó gé e kúrú. Ìjẹ̀bú ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ àjèjì títí di oṣù May, 1892, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn alátagbà ṣẹ́gun wa ní Ìmàgbọ̀n. Lẹ́yìn ogun yẹn ni ẹ̀sìn méjèèjì tàn káàkiri ilẹ̀ wa bí iná ọyẹ́. Nígbà tí Balógun Kúkù gba Ìsìláàmù ní 1902, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn tẹ̀ lé e, Ojúde Ọba tí gbogbo ayé ń wá wò ní Ìjẹ̀bú-Òde lónìí sì ti ara ìjáde tí òun àti àwọn Mùsùlùmí ń ṣe lọ kí Awùjalẹ̀ lẹ́yìn Iléyá jáde. Ní gbogbo àkókò yìí, ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni ilé ẹ̀kọ́ wà. Ìjọba Èkó mọ̀ pé àwọn Mùsùlùmí ń bẹ̀rù kí ọmọ wọn má baà di onígbàgbọ́, nítorí náà ni wọ́n ṣe dá ilé ẹ̀kọ́ ìjọba fún àwọn Mùsùlùmí sílẹ̀ ní Èkó ní 1896, ní Ẹ̀pẹ́ ní 1898, àti ní Àgbádárìgì ní 1899. Ẹ wo bí Ẹ̀pẹ́ ti súnmọ́ wa tó. Ṣùgbọ́n mẹ́ta péré kò lè tó fún gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, wọn kò sì fi kún un bí ó ti yẹ. Nígbà tí ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen fi dúró ní Èkó ní 1923 láti kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tiwa fúnra wa, àwọn ẹlòmíràn ti jìnnà níwájú.

Lẹ́yìn náà ni ìgbà ọ̀tun dé. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti Ìkẹ́nnẹ́, àti mínísítà ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀, S. O. Awókọ́yà, tí òun náà jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, ní kí gbogbo ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù January, 1955, ó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ 456,600 ni ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1954; ní 1955 wọ́n di 811,432. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín, iṣẹ́ ńlá ni. Àwa tí a ń kọ ìwé yìí, òmíràn nínú àwọn òbí wa kì bá tí mọ lẹ́tà kan bí kò bá sí ti ọdún yẹn. Tẹlifíṣọ̀n dé sí Ìbàdàn ní 1959, yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1962, Ilé Kòkó sì ga sókè ní 1965. Ẹni tí ó bá sọ pé ìgbà yẹn kò ṣe nǹkan kan, inú ń bí i ni.

Ṣùgbọ́n a ní láti bèèrè: owó ta ni?

Owó Awólọ́wọ̀ kọ́. Owó Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Àjọ tí ń ra irè oko lọ́wọ́ àgbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Mákẹ́tíìnì Bọ́ọ̀dù, ni ó ń dá iye owó tí yóò san fún kòkó àti ekùrọ́, iye náà sì máa ń kéré sí èyí tí ó ń tà á ní òkè òkun. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù di owó ìjọba. Láti 1954 ni àjọ náà ti wà lọ́wọ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fúnra rẹ̀. Ìbẹ̀fún kì í ṣe ìlú kòkó bí Oǹdó. Ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ ni tiwa. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bi àwọn ìyá àgbà tí ó ṣẹ́kù ní agboolé yín. Wọn yóò sọ fún yín bí wọ́n ti ń jókòó sórí òkúta láti àárọ̀ títí di àṣálẹ́, tí wọ́n ń pa ekùrọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí èékánná wọn ń dúdú, kí apẹ̀rẹ̀ kan tó kún. Nígbà tí wọ́n bá gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń rà á, iye tí òun bá dá ni wọn yóò gbà. Apá kan nínú owó tí kò dé ọwọ́ wọn ni a fi kọ́ kíláàsì, tí a fi san owó oṣù tíṣà. Nínú àwọn ìyá wọ̀nyí, mélòó ni kì í ṣe Mùsùlùmí? Wọ́n ń kírun Àsárì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì èèpá ekùrọ́.

Ìdí nìyí tí inú fi ń bí wa nígbà tí a bá gbọ́ "ìjọba kèfèrí". Owó ìyá yín ni! Ẹni tí ó bá pe owó ìyá rẹ̀ ní owó kèfèrí, tí ó sì kọ̀ láti béèrè bí wọ́n ti ná an, ṣé ọlọ́gbọ́n ni?

Inú ń bí wa sí òdìkejì pẹ̀lú. Ìjọba tí kò ní ẹ̀sìn kan ni ó ń san owó oṣù tíṣà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìjọ ni púpọ̀ nínú ilé ẹ̀kọ́ wà. Ìjọba kọ́ àwọn tí ó jẹ́ ti kánsù, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní L.A., ẹgbẹ́ Mùsùlùmí náà sì ní díẹ̀ tí ó ń gba owó ìrànwọ́. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, èyí tí ẹsẹ̀ ọmọ lè rìn dé ni ti ìjọ. Bàbá yóò mú ọmọ rẹ̀ lọ. Tíṣà yóò bèèrè orúkọ. Ọmọ yóò ní Mùsá. Wọn yóò kọ Moses. Ẹ kò rí nǹkan! Ànọ́bì kan náà ni, ẹni tí ó kọjú sí Fir'aonu, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú orúkọ rẹ̀ méjèèjì ni ó lè kọjá ẹnu ọ̀nà. Sulaymọ́nù di Solomon, Yúsúfù di Joseph. Ọjọ́ Sunday ni wọn yóò pe rẹ́jísítà ṣọ́ọ̀ṣì, ní àárọ̀ Monday ọmọ tí kò wá yóò rí ẹgba. Àwọn kan gba orúkọ náà fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì bọ́ ọ sílẹ̀ bí aṣọ ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí wọ́n parí. Òmíràn kò bọ́ ọ mọ́. Bàbá tí kò gbà, ọmọ rẹ̀ jókòó sílé. Ìwé òfin tí a ní kí ẹ fi sọ́kàn lẹ́ẹ̀kan kò dé inú kíláàsì yẹn. Ìjọba tí ó ní òun kò ṣe ti ẹ̀sìn kan gbé àpò owó fún ẹlẹ́sìn kan kí ó bá òun kọ́ ọmọ gbogbo ènìyàn, ó sì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Kì í ṣe gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni ó ṣe bẹ́ẹ̀, a gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́. Moshood Abíọ́lá jáde ní Baptist Boys' High School ní Abẹ́òkúta, Moshood ni ó bá wọlé, Moshood ni ó bá jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Babátúndé Fáfúnwá ka ìwé ní C.M.S. Grammar School ní Èkó, ó sì kú ní 2010 gẹ́gẹ́ bí Mùsùlùmí. Ṣùgbọ́n orí tí ó yọ ẹnì kan nínú ìjì kì í sọ pé kò sí ìjì.

Àwọn Mùsùlùmí kò sùn pátápátá nígbà náà. Ní 1957 àwọn kan dá ẹgbẹ́ òṣèlú tí wọ́n pè ní National Muslim League sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1958 ìjọba Awólọ́wọ̀ dá ìgbìmọ̀ tí yóò máa tọ́jú àwọn tí ń lọ Hájì sílẹ̀, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mélòó ni Hájì? Ọdún mẹ́fà ni ọmọ fi ń jókòó ní kíláàsì. Lójú tiwa, ẹni tí ó béèrè ọkọ̀ Mẹ́kà kí ó tó béèrè àga ọmọ rẹ̀ ti gbé kẹ̀kẹ́ síwájú ẹni tí yóò gùn ún.

Ẹni tí ó mọ ohun tí ó yẹ ní béèrè ni obìnrin kan ní Ìbàdàn, Àlàájà Humuani Alága, oníṣòwò aṣọ. A gbọ́ pé wọ́n kọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ilé ẹ̀kọ́ kan nítorí pé Mùsùlùmí ni. Kò ní kí ọmọ jókòó sílé. Kò sì ní kí ó yí orúkọ padà. Ó kó àwọn obìnrin bíi tirẹ̀ jọ, wọ́n sọ ara wọn ní Isabatudeen ní 1958, àwọn ìyá ọlọ́jà wọ̀nyí sì dá owó jọ títí wọ́n fi ṣí ilé ẹ̀kọ́ gíga tiwọn fún àwọn ọmọbìnrin ní 1964. Nígbà tí a bá ń sọ pé obìnrin Mùsùlùmí kò lè ṣe nǹkan nínú ìlú, ẹ jẹ́ kí ojú máa tì wá díẹ̀. Ní ti àwọn ọ̀dọ́, ní 1954 ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Èkó dá M.S.S. sílẹ̀, Lateef Adégbìtẹ́ sì ni ààrẹ wọn àkọ́kọ́. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlélógún nígbà náà. Lẹ́yìn náà ni ó di agbẹjọ́rò ńlá. Ọ̀dọ́ ni wọ́n. Ta ni nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìbẹ̀fún ni ó sọ pé òun kéré?

Sí ẹ̀yin tí ẹ ní ìmọ̀ òyìnbó ni ó ń sọ ènìyàn di kèfèrí: lẹ́yìn ogun Badr, àwọn ìtàn ẹ̀sìn wa sọ fún wa pé nínú àwọn ẹrú ogun, àwọn tí kò ní owó ìràpadà ṣùgbọ́n tí wọ́n mọ̀wé, Ànọ́bì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí olúkúlùkù wọn kọ́ ọmọ mẹ́wàá ní ìwé kíkọ, kí ó sì máa lọ. Abọ̀rìṣà ni àwọn tíṣà yẹn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ogun dé ni, idà ni wọ́n fi bá àwọn Mùsùlùmí jà. Ìmọ̀ ni Ànọ́bì gbà lọ́wọ́ wọn, kò gba òrìṣà wọn. Bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n yí orúkọ ọmọ kankan padà. Ohun méjèèjì yìí ni àwa ń wá, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Sí ẹ̀yin tí ẹ ní kí a pa ti ilé tì kí a tó lè lajú: ẹ gbọ́ ti Fáfúnwá. Ní 1970, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ mú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ wọn ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo nǹkan fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàrin àwọn yòókù. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò kẹ́yìn àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Wọ́n ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì náà. Mùsùlùmí ni ó ronú rẹ̀, èdè ìyá wa ni ó lò, kò sì sí ohun tí ó tún lajú jù ú lọ ní gbogbo Áfíríkà nígbà náà. A kò mọ ìdí tí àwọn ìjọba tí ó tẹ̀ lé e kò fi mú un lò káàkiri. Bóyá nítorí pé kò náwó tó láti jẹ nínú rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ jíjẹ owó yìí náà kò ṣe é fò. Ní 1962 ìgbìmọ̀ ìwádìí Adájọ́ Coker fi hàn pé owó Mákẹ́tíìnì Bọ́ọ̀dù ti gba ọ̀nà ilé iṣẹ́ kan dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú. Ní 1965 ìbò Ìwọ̀-Oòrùn di iná àti epo. Ní oṣù January, 1966 sójà gba ìjọba. Ní 1968 sí 1969 àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn gbé ìbọn, ìyẹn Àgbẹ́kọ̀yà, nítorí pé owó orí ń ga, owó irè oko ń wálẹ̀, ọ̀nà oko sì bàjẹ́. Àwọn tí ó san owó ọ̀làjú ni ó dìde yìí. Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ àti oníṣẹ̀ṣe jọ wà nínú wọn, nítorí pé olè tí ó jí owó ìlú kò bèèrè ẹ̀sìn ẹni tí ó ni ín.

Ẹ wá jẹ́ kí a dé orí òní. Ní oṣù June, 2022, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé ọmọbìnrin Mùsùlùmí ní ẹ̀tọ́ láti lo hìjáàbù mọ́ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní ìpínlẹ̀ Èkó. Adájọ́ márùn-ún gbà, méjì kò gbà. Ìwé òfin tí àwọn kan ń pè ní ti kèfèrí ni agbẹjọ́rò wa gbé dúró títí ó fi rí ìdájọ́ yẹn gbà. Kí ni kí a pe èyí? A jó, a yọ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó dé hìjáàbù wọ inú kíláàsì sáyẹ́ǹsì tí kò ní ìgò kan, tí kò ní tíṣà físíìsì láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí ni ó rí gbà? Ilé ẹjọ́ ti dá wa láre lórí ìborí. Ohun tí yóò wọ inú orí, ta ni a ó pè lẹ́jọ́ fún un?

Níhìn-ín, ilẹ̀ tí àwọn bàbá wa ń gbin ẹ̀gẹ́ sí ti ń di pulọ́ọ̀tì. Àwọn ará Èkó ń rà á. Owó náà ń dé, a kò purọ́. Níbo ni ó ń lọ? Fìdáù ọjọ́ ogójì, màlúù mẹ́ta, ìbòjì ìjókòó títí dé ojú títì, ankárá àti léèsì oríṣi méjì, olórin. Nígbà Ojúde Ọba, ẹgbẹ́ kan lè ná lórí aṣọ ọjọ́ kan ṣoṣo ohun tí ó tó láti ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún ogún ọmọ. A fẹ́ràn Ojúde Ọba. Ẹni tí ó ní kí a pa á rẹ́ kò mọ Ìjẹ̀bú. Àṣejù ni a ń bá wí. Lẹ́yìn ọdún, àwọn ọmọ tí ó wọ aṣọ náà yóò padà sórí ọ̀kadà, àwọn kan sì wà nídìí kọ̀ǹpútà lóru tí ń fi orúkọ òyìnbó bá òyìnbó sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ẹ wò ó, orúkọ ni wọ́n tún ń yí padà! Ti bàbá wọn, kí wọ́n lè kàwé ni. Ti àwọn wọ̀nyí, kí wọ́n lè jalè ni.

Ohun tí ó wà nílẹ̀ báyìí nìyí, ìdí rẹ̀ gan-an sì ni a fi kọ ìwé yìí. Ẹgbẹ́ wa ta ilẹ̀ kan. Owó náà wà ní báńkì. Ìmọ̀ràn méjì ni ó wà níwájú ìpàdé. Àkọ́kọ́ ni pé kí a kọ́ ilé gogoro kejì sí mọ́sálásí, kí ó ga ju ti ìlú kejì lọ, kí a sì tẹ́ táìlì tuntun sórí èyí tí a tẹ́ ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Èkejì ni pé kí a kọ́ yàrá mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ ilé kéú: ọ̀kan fún iṣẹ́ iná mànàmáná àti sólà, ọ̀kan fún kọ̀ǹpútà, ọ̀kan fún ìránṣọ àti oúnjẹ títọ́jú, títí kan gàrí Ìjẹ̀bú tí àwọn ẹlòmíràn ń dì sínú ọ̀rá aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń tà á fún àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ yóò ka kéú ní àárọ̀ Sátidé, yóò kọ́ iṣẹ́ ní ọ̀sán, àáfà kan náà àti tíṣà kan náà yóò sì máa rí ara wọn lójoojúmọ́. Ọmọ onígbàgbọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ kí ó wá, kí ó sì wá pẹ̀lú orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́.

Wọ́n ti ń sọ pé àwa tí a fara mọ́ ìmọ̀ràn kejì kò fẹ́ràn ilé Ọlọ́hun. A gbọ́. Mọ́sálásí tí a ń kírun nínú rẹ̀ kò jò, kò ya, ìró ládàánì ibẹ̀ sì ń dé Ìmọ̀dí tí afẹ́fẹ́ bá gbé e. Àwọn tí ó wà níta ọgbà rẹ̀ ni a ń sọ.

A tún fẹ́ kí ẹgbẹ́ yan ènìyàn mẹ́ta tí yóò lọ sí kánsù ní Odògbolú láti béèrè lọ́wọ́ wọn pé mélòó ni owó ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tí ó wà ní Ìbẹ̀fún fún ọdún yìí, mélòó ni tíṣà tí ó yẹ kí ó wà, mélòó ni ó wà, níbo sì ni tíṣà ẹ̀sìn Ìsìláàmù wà. Kí wọ́n mú bírò lọ. Kí wọ́n má mú ẹ̀bùn lọ. Ẹni tí ó bá ní ìjọba kò ṣe ti ẹ̀sìn kan, a fẹ́ kí ó ṣe é bẹ́ẹ̀ lójú wa.

Ọjọ́ Àlàmísì kejì lẹ́yìn Iléyá ni ìpàdé náà, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Ẹ̀yin ìyá wa, ju ìlàjì owó tí a fi ra ilẹ̀ náà láyé àtijọ́ lọ ni ó ti inú àjọ yín jáde, ó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́, a ti rí i. Nítorí náà ẹ má ṣe jókòó sẹ́yìn ògiri lọ́jọ́ náà kí ẹ máa gbọ́ ohun tí a bá pinnu. A ti bá Lèmọ́ọ̀mù sọ ọ́, wọ́n ní kò sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀. Ẹ wọlé, ẹ jókòó sí apá ọ̀tún, kí akọ̀wé àjọ mú ìwé owó náà dání.